Òwìwí Orí Òrùlé Ìyá Ẹlẹ́kọ

Lọ́dún 1988, òwìwí kan ké lórí òrùlé Ìyá Ẹlẹ́kọ nínú agbo ilé wa lẹ́yìn Ọjà Igbó ní Ogbómọ̀ṣọ́. Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Kí oòrùn Ọjọ́rú tó wọ̀, àbúrò mi ọkùnrin ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lèmi, mo sì mọ ẹni tó pa á, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú agbo ilé. Wọn ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kàn dúró lójúde, ó tẹjú mọ́ òrùlé ọ̀hún, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí." Kò parí ẹ̀. Ta ni kì í mọ ìyókù òwe yẹn?

Òwe yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà lọ́kàn mi. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ wo bí wọ́n ṣe dá a. Ìbéèrè ló fi parí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kò fẹ́ ìdáhùn ni. Ta ló fẹ́ dìde láàárín ẹbí tó ń ṣọ̀fọ̀, kó ní òun kò mọ̀?

Opó ni Ìyá Ẹlẹ́kọ. Yàrá méjì tó wà ní ìpẹ̀kun agbo ilé ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ilé alámọ̀ onípáànù tí àjà rẹ̀ ga dáadáa. Nígbà ìkórè, àgbàdo ló máa ń kó sí àjà yẹn, àpò lórí àpò, torí ògì àti ẹ̀kọ ló fi ń jẹun. Kí àwọn alálàájì tó pèrun ni a ti máa ń gbọ́ omi tó ń dà sínú àwo bó ṣe ń sẹ́ ògì. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, ẹ̀kọ á ti tò sínú igbá, gbogbo wọn nínú ewé eéran, èéfín á ṣì máa rú lára wọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ti ń jẹ ẹ̀kọ. Àbúrò mi tó kú yìí gan-an, ògì Ìyá Ẹlẹ́kọ ni wọ́n fi já a lẹ́nu ọmú.

Lẹ́yìn ikú yẹn, kò sẹ́ni tó lù ú, kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn ṣíwọ́ ríra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìyá Àgbà pe àwa ọmọdé jọ, ó ní bí a bá fẹ́ ẹ̀kọ, kí a lọ rà á lọ́jà. Mo rántí igbá náà. Yóò gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, yóò jókòó tì í, yóò sì tún gbé e wọlé lálẹ́ bó ṣe gbé e jáde. Tí a bá ń kọjá, a máa ń sáré. Ó máa ń kí wa, a kì í dáhùn. Ọmọ Yorùbá tí àgbà kí tí kò dáhùn! Kò sì sí ẹni tó bá wa wí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gbé ọkọ̀ wá láti abúlé kan lọ́nà Ìkòyí, wọ́n kó àgbàdo, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n lọ. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí òwìwí kò ké mọ́. Ariwo tó sọ nínú agbo ilé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣàkíyèsí rẹ̀, ẹ ò lè gbàgbé. "Ẹ ò rí i? Ẹ ò wá rí i báyìí?" Ẹ̀rí ti pé. Ẹyẹ bá ẹlẹ́yẹ lọ.

Bí mo ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn títí di ọdún 1994, nígbà tí mo wà ní ọdún kẹrin ilé ẹ̀kọ́ girama. Tíṣà báyọ́lọ́jì wa ń kọ́ wa nípa ohun tó ń jẹ ohun. Ó bi wá pé kí ló ń jẹ eku. Àwọn kan ní ológbò, àwọn kan ní ejò. Ó ní, "Òwìwí ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì pariwo. Èmi ò pariwo ní tèmi, mo dìde, mo sọ ìtàn àbúrò mi. Mo rò pé yóò bínú tàbí kó fi mí ṣẹ̀sín. Kò ṣe ìkankan. Ó kọ́kọ́ ní kí Ọlọ́run tẹ́ ọmọ náà sí afẹ́fẹ́ rere. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé: "Lọ́dún yẹn, òru mélòó ni òwìwí yẹn ké?"

Mo ní ó pọ̀, sà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbà tí àgbàdo bá ti dé.

"Èèyàn mélòó ló kú nínú agbo ilé yín lọ́dún yẹn?"

Méjì. Àbúrò mi àti bàbá arúgbó kan.

"Àwọn òru tó kù ńkọ́? Ta ló kú nítorí wọn?"

Mo dúró síbẹ̀, mi ò rí nǹkan sọ. Kì í ṣe pé mo ti gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ìbéèrè yẹn rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú agbo ilé wa, pẹ̀lú gbogbo àgbàlagbà tó wà níbẹ̀, tó béèrè rẹ̀ rí. Òru tó ké tí ọmọ kú, a kà á. Òru tó ké tí gbogbo wa jí láàyè, tí a fọ ẹnu, tí a jẹ ẹ̀kọ, kò sẹ́ni tó kà á.

Ní họlidé ọdún yẹn, mo mú ìwé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Òwìwí mìíràn ti wà nínú igi òdán lẹ́yìn ilé wa nígbà náà. Mo kọ òru mẹ́tàlélógún tí mo gbọ́ igbe rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú nínú agbo ilé wa. Ẹni kan ṣoṣo tó kú nínú ẹbí ni àǹtí bàbá mi ní Sábó, lóru tí mi ò gbọ́ ẹyẹ kankan. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni ìwé yẹn kọ́ mi tí tíṣà kò sọ. Kí n tó lè gbọ́ òwìwí, mo ní láti wà lójúfò. Lálẹ́ tí mo bá sùn, kò sí ohun tí mo ń kọ. Ó wá yé mi pé ilé tí àìsàn wà kì í sùn. Àtùpà á wà ní títàn, ìyá á jókòó ti ọmọ, etí gbogbo èèyàn á là sílẹ̀ kerekere. Ilé yẹn ni yóò gbọ́ òwìwí, ilé yẹn náà sì ni ikú sún mọ́ jù. Ẹyẹ yìí ti lè máa ké láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n orun ti gbé wa lọ. Òru tí ibà kò jẹ́ ká sùn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́.

Mo gun àjà Ìyá Ẹlẹ́kọ ní họlidé yẹn kan náà. Ilẹ̀kùn ti wó, kò sẹ́ni tó ń dé ibẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń ka Sáàmù bí mo ṣe ń gun àkàbà. Àpò àgbàdo méjì tó ti jẹrà ló kù nínú kọ̀rọ̀, eku ti lu ìdí wọn. Lórí igi àjà, ìgbẹ́ ẹyẹ ti ṣàn sílẹ̀ funfun bí ẹfun. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí àwọn ìdì kéékèèké tó tó àtàǹpàkò àgbàlagbà, tí wọ́n gbẹ, tí kòkòrò ti jẹ irun ara wọn, tí egungun wá ń yọrí síta. Mo ṣa mẹ́fà sínú páálí ìṣáná méjì.

Tíṣà rẹ ọ̀kan nínú wọn sínú omi lórí àwo, ó fi abẹ́rẹ́ tú u wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Agbárí mẹ́rin ló jáde níbẹ̀, wọn ò ju èékánná lọ, eyín iwájú wọn pọ́n bí ọsàn. Agbárí eku ni gbogbo rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé òwìwí kì í jẹ eku lẹ́nu, odidi ló máa ń gbé e mì. Irun àti egungun tí ikùn rẹ̀ kò lè lọ̀, yóò pọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ìdì báyìí. Ó ní etí òwìwí kò dọ́gba, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, ìyẹn ló ń jẹ́ kó mọ ibi tí eku wà nínú òkùnkùn biribiri láìfojú rí i. Ojú rẹ̀ funfun roboto tó ń já wa láyà yẹn, bí àwo tánganran, òun ló fi ń kó ohùn jọ sí etí. Etí ìyẹ́ apá rẹ̀ rí wẹ́wẹ́ bí ìyarun, ni kì í fi í dún tó bá ń fò. Gbogbo ohun tí a fi ń pè é ní àjẹ́, iṣẹ́ ọdẹ eku ni Ọlọ́run fi dá a.

Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ẹyẹ kì í ṣàdédé bà lé òrùlé, ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Òótọ́ ni, kò bà á lásán. Ọ̀rọ̀ wa ni kò kàn án. Eku tó ń rìn nínú àgbàdo Ìyá Ẹlẹ́kọ ló ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n kó àgbàdo lọ, eku lọ. Nígbà tí eku lọ, òwìwí lọ. Ohun tí a fi ṣe ẹ̀rí pé obìnrin yẹn jẹ̀bi, òun gan-an ló dá a láre, tó bá jẹ́ pé ẹnì kan gun àjà lọ wò.

Mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ eku o, torí òun ló ń pa wá ní tòótọ́. Lọ́dún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa ní Borno, orúkọ ìlú yẹn ló sì ń jẹ́ títí dòní. Eku ilé kan tó lọ́mú púpọ̀ níkùn ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá kan oúnjẹ ló fi ń wọ ara èèyàn. Ẹ ronú sí èlùbọ́ tí a ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, sí gàrí tí a kò dé, sí àgbàdo inú àjà. Ẹyẹ tó ń bá wa kó eku kúrò nílé lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni àwọn ọmọ ń sọ lókò, tí a wá ń lọ ra òògùn eku lọ́jà. Eku tó jẹ òògùn yẹn á máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ kiri, òwìwí á gbé e, òun náà lè kú. Ní Malaysia, àwọn olóko ọ̀pẹ ń kan àpótí mọ́ òpó káàkiri oko kí òwìwí lè rí ibi yé ẹyin sí, nítorí eku tó ń jẹ èso ọ̀pẹ wọn. Irú ẹyẹ kan náà ni.

Mi ò wá sọ pé ká kó gbogbo ohun tí àwọn bàbá wa sọ nípa ẹranko dà nù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a máa yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n ní ọmọnlé lóró, pé bó bá kó sínú ọbẹ̀, ọbẹ̀ ti bàjẹ́. Kò lóró rárá, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ rẹ̀ lè ní kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, nítorí náà ẹ da ọbẹ̀ yẹn nù. Igún ńkọ́? A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí páànù odò ẹran máa ń dúdú fún igún. Wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí ẹran tí ì bá jẹrà, tí ì bá kó àrùn ran ìlú. Èèwọ̀ yẹn ló dáàbò bò wọ́n. Lónìí, ẹ gbójú sókè níbẹ̀ kẹ́ ẹ wò, ẹ lè má rí ẹyọ kan. Lọ́dún 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹ̀dá inú ìgbẹ́, kọ igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun pátápátá, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó sì ń pa wọ́n ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni àwọn tó ń fi orí àti ẹ̀yà ara wọn ṣòògùn. Ẹ lọ wo ìsọ̀ àwọn lékuléja. Ìgbàgbọ́ kan pa igún mọ́, ìgbàgbọ́ mìíràn ń tà á lórí àtẹ. Mo fara mọ́ èkíní, inú mi kò sì dùn sí èkejì rárá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dúró lórí ẹyẹ. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí fídíò kan wọ orí fóònù mi: wọ́n ní ẹyẹ já bọ́ lóru, ó di ìyá arúgbó. Ẹ máa ń rí obìnrin kan níbẹ̀, ìhòòhò tàbí ìlàjì ìhòòhò, tí kò mọ ibi tó wà, tí kò lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá, àwọn ọ̀dọ́ á yí i ká pẹ̀lú igi. Ẹni tó bá ti tọ́jú òbí tó ní àrùn ìgbàgbé mọ ohun tó ń wò. Wọ́n máa ń dìde lóru, wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé nígbà tó jẹ́ pé ilé ni wọ́n wà. Ìyá ẹnì kan ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Lọ́dún 1994 yẹn, mo gbé páálí ìṣáná kejì lọ bá Ìyá Àgbà. Mo dà á sílẹ̀ lórí ẹní níwájú rẹ̀, mo to agbárí kéékèèké yẹn, mo sọ gbogbo ohun tí tíṣà sọ. Inú mi ń dùn. Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá fún un. Ó mú agbárí kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Ṣé eku lásán ni?"

"Eku lásán ni, Ìyá."

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bí kì í bá ṣe ẹyẹ, kí ló wá pa ọmọ mi?" Bó ṣe sọ ọ́, kò wo ojú mi. Igun yàrá níbi tí ìgò àgbo rẹ̀ máa ń wà ló ń wò. Mi ò ní èsì. Ó kó agbárí wọ̀nyẹn padà sínú páálí fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ sùn. A ò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú lọ́dún 2001.

Ọdún 2004 ni mo tó mọ ohun tó ń wò. Mo lóyún àkọ́bí mi, mo wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn aláboyún yòókù, nọ́ọ̀sì ń kìlọ̀ fún wa nípa gìrì. Ó ní bí ibà bá mú ọmọ tí gìrì bá kì í, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yáná, ẹ má fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, ẹ má sì fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe. Ó ní àgbo yẹn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó máa ń dín èémí rẹ̀ kù, ọmọ á sùn lọ, ẹ̀yin á rò pé ara ti tù ú. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹkún gbé mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé ọmọ inú mi ló ń yọ mí lẹ́nu.

Nítorí mo rántí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ibà fi wà lára àbúrò mi. Lóru Ìṣẹ́gun yẹn, gìrì kì í, ojú rẹ̀ yí sókè. Ìyá Àgbà gbé e lé ẹsẹ̀, ó dì í nímú, ó rọ àgbo yẹn fún un pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ tó wà nínú ara rẹ̀. Ọmọ náà sùn. Gbogbo wa dúpẹ́. Ìgbà yẹn ni òwìwí ké. Mi ò lè búra pé àgbo ló pa á, ibà tó bá ti gun orí ọmọdé lè dá a pa. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn láti ọdún pípẹ́, kí n tó gbé páálí ìṣáná dé. Bí ẹyẹ bá jẹ̀bi, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Èmi ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá lọ gba ẹyẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ pé mo béèrè. Mo kábàámọ̀ pé mi ò jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo sọ ọ́ fún Màmá mi nígbà tí mo bímọ tán. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, kò sunkún. Ó kàn ní, "Ìyá Ẹlẹ́kọ ṣì wà láyé, ṣé o mọ̀?" Ó ti ń béèrè ìròyìn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláàárù ọjà láti gbogbo ọdún yìí wá, èmi ni mi ò mọ̀.

A lọ ní ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 2005, èmi, Màmá, àti ọmọ lẹ́yìn mi. Ìyá Ẹlẹ́kọ jókòó níwájú ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Màmá kúnlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lórí iyanrìn, ó ń rákò bọ̀. Kò tíì sọ ju ìkíni lọ tí ìyá yẹn fi dá ohùn rẹ̀ mọ̀. "Ìyá ọmọ," ló pè é. Orúkọ tó ń pè é tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí ó dìde, Màmá kò dìde. Ó wá yíjú sẹ́yìn, ó pe ọmọbìnrin kan nínú ilé pé kó gbé ẹ̀kọ wá.

Ẹ̀kọ méjì, nínú ewé eéran, àti àkàrà nínú abọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń tú ewé ọ̀kan, ó sì gbé e síwájú Màmá mi lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. Màmá bù ú, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán pátá, ó sì na ọwọ́ sí èkejì.